Ìwé Ẹ̀sùn Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta: Bí Ọ̀rọ̀ Owó Orí Ṣe Fòpin Sí Ìjọba Aláṣẹ Kan Ṣoṣo ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kì í ṣe ayé òde òní ni àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìjọba láti béèrè fún àtúnṣe. Kó tó di pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá ní ìgbìmọ̀ tó ń gba ìwé ẹ̀sùn àwọn ará ìlú, àwọn ìyá ọlọ́jà tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà ti kọ̀wé sí Aláké àti sí àwọn òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba, wọ́n sì tẹ̀ lé ìwé náà títí tí ìṣèjọba ìlú wọn fi yí padà. Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta nìyẹn, láàárín ọdún 1946 sí ọdún 1949. Orin tí wọ́n kọ àti oorun tí wọ́n sùn sẹ́nu ọ̀nà ààfin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí títí dòní. Ṣùgbọ́n ìwé ló ṣáájú orin, ìṣirò owó ló sì fún ìwé náà ní eyín tó fi bu nǹkan jẹ.

Kí ohun tí wọ́n ń béèrè tó yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ìjọba tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ní ọdún 1893, Gẹ̀ẹ́sì bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn, wọ́n sì gbà pé òmìnira Ẹ̀gbá wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ìlú ń darí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1914, nígbà tí rògbòdìyàn kan tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa àwọn ará ìlú fún Lugard ní ààyè láti fagi lé àdéhùn náà. Láti ìgbà yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ti ẹ̀yìn ọba ṣèjọba. Wọ́n sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo, ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ni òfin mọ̀, tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì ń bá sọ̀rọ̀ lórí owó, ilẹ̀ àti ìdájọ́. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1920, ló lo agbára yìí pẹ́ jù lọ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nǹkan rí tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ní ọba tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ògbóni wà, àwọn Ológun wà, àwọn Pàràkòyí sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Ní ti àwọn obìnrin, Ìyálóde ló ń gbẹnu sọ fún wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹnu lásán: ta ni kò gbọ́ nípa Ẹfúnróyè Tinúbú, tí Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864, tí àwọn jagunjagun pàápàá ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ohun ìjà? Lábẹ́ aláṣẹ kan ṣoṣo, oyè ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n àṣẹ tó wà nínú oyè ti lọ. Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń jókòó pẹ̀lú Kábíyèsí láti pinnu iye tí obìnrin máa san.

Obìnrin sì ń san owó náà. Ní ọdún 1918 ni ìjọba mú owó orí wọ Abẹ́òkúta, ṣílè 5 fún ọkùnrin, ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 6 fún obìnrin. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà nígbà náà, owó orí baálé ilé ni ìjọba ń gbà, wọn kì í ka ìyàwó sí ẹni tó yẹ kó san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú yàtọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣòwò, wọ́n sì ń rówó. Lọ́dún náà gan-an ni Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣílẹ̀ Òkè-Ọnà, ìjọba sì kó àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Owó orí kò kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà ní ọdún 1940 sí 1949 tí kò mọ ohun tí ìbọn mú wá. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi gba ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó náà dun àwọn obìnrin ju iye owó lọ. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ máa san owó orí, nígbà tí ọmọkùnrin kò ní í san títí tó fi pé ọdún 16. Ọmọ tí kò bá ní ìwé ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àwọn agbowó orí a wọlé onílé, wọ́n a bọ́ aṣọ lára ọmọ náà láti fi àyà rẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ìyá kò lè sọ níta láìsunkún nìyẹn, ó sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà kéde níta gbangba nígbà tó yá. Ìpọ́njú ọjà tún wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1936, àwọn aláró tó ń ṣe àdìrẹ bá Kábíyèsí fa ọ̀rọ̀ lórí òfin tó ní kí wọ́n má lo aró òyìnbó àti sódà mọ́, kí wọ́n padà sí èlú àti eérú. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ẹ̀wẹ̀, ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, àwọn ọlọ́pàá àti ìránṣẹ́ aláṣẹ sì ń gba ìrẹsì lórí àwọn ọlọ́jà, wọn kì í san iye tó tọ́, nígbà mìíràn wọn kì í san nǹkan kan rárá.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí ló so ẹgbẹ́ àwọn abọ́wélé pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́jà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School. Ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 sí ọdún 1922, ó sì fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ní ọdún 1925, ẹni tó di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1932. Ẹgbẹ́ Ladies Club tí ìyáàfin náà kó jọ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó olówó oṣù: iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè, ìkíni àti ìwà ọmọlúàbí. Ní ọdún 1944, wọ́n mú ìyá ọlọ́jà kan wá bá a, ẹni tó fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwé fún àwọn ọlọ́jà, ibi ẹ̀kọ́ yẹn sì ni àwọn abọ́wélé ti gbọ́ ohun tí ojú ọjà ń rí. Wọ́n lọ bá òyìnbó aláṣẹ àgbègbè lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì, kò dáhùn dáadáa. Ní ọdún 1945, wọ́n gbé e lọ sí ìwé ìròyìn Èkó, ìjọba sì jáwọ́ nínú gbígba ìrẹsì.

Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Ransome-Kuti bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wé gèlè bíi ti àwọn tó ń bá rìn, ó sì ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wá ògbufọ̀. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé 20,000 obìnrin ló ń san owó ẹgbẹ́. Ìyáàfin Ẹniọlá Ṣóyínká, tó ní ṣọ́ọ̀bù, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kára níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Wọlé, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ń jíṣẹ́ káàkiri fún wọn, ó sì fi èyí sínú ìwé rẹ̀, <i>Aké</i>, tó jáde ní ọdún 1981.

Àwọn ará Èkó ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1940, ìjọba ní kí obìnrin tó bá ń rí ju pọ́ùn 50 lọ lọ́dún máa san owó orí ní Èkó. Àlímọ́tù Pẹ̀léwúrà, olórí àwọn ọlọ́jà, tó ń ta ẹja tí kò sì mọ̀wé kà, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n tẹ ìka sí ìwé ẹ̀sùn, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n sì wọ́ lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, ìjọba gbé iye náà sókè sí pọ́ùn 200, èyí tó yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́jà kúrò lábẹ́ òfin náà. Èkó borí kíákíá nítorí pé ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé kí ìjọba má gbowó lọ́wọ́ àwọn. Ìbéèrè Abẹ́òkúta wúwo ju èyí lọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1946, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lọ rí Aláké lórí owó orí. Wọn kò rí ìtura gbà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé: sí ààfin, sí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sí àwọn ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀bẹ̀ kò kàn án re, nítorí ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀sùn ni. Wọ́n háyà oníṣirò owó kan láti yẹ ìwé ìnáwó aláṣẹ wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí owó tó ń wọlé ń gbà jáde. Ìgbésẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí àwọn òǹkàwé dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tó ń ráhùn pé owó orí pọ̀ jù, ìjọba lè dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó fẹ́ san. Ẹni tó bá gbé ìṣirò kalẹ̀ lórí owó tí òun fúnra rẹ̀ san, kí ni wọn yóò fi dá a lóhùn?

Ohun tí wọ́n béèrè ṣe kedere. Kí ìjọba fòpin sí owó orí tó ń bá obìnrin mu láìwo bóyá ó rówó tàbí kò rí. Kí wọ́n gbé ẹrù náà lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nínú ìlú. Kí wọ́n ná owó ìlú sórí ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́. Kí wọ́n fagi lé ipò aláṣẹ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ìgbìmọ̀ tí ará ìlú ní ẹnu nínú rẹ̀ rọ́pò, kí obìnrin sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni ìjọba kò fẹ́ gbọ́ rárá. A lè dín owó orí kù lónìí, a sì lè fi kún un lọ́la, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Ìyáàfin Ransome-Kuti kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Wọ́n mú àwọn obìnrin mìíràn, wọ́n sọ àwọn kan sẹ́wọ̀n.

Láàárín ìyẹn ni ìwé ẹ̀sùn mìíràn gbé e gòkè òkun. Òfin ìlú tí Gómìnà Richards ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1947, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà nínú, nítorí pé wọn kò fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣe é. Ẹgbẹ́ NCNC ti kárí Nàìjíríà ní ọdún 1946 láti gba owó àti àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ìrìn àjò náà ni Herbert Macaulay wà tí àìsàn fi kọ lù ú ní Kánò, tó sì kú ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Àwọn méje ni wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947, Nnamdi Azikiwe ṣáájú wọn. Ìyáàfin Ransome-Kuti nìkan ni obìnrin inú wọn. Arthur Creech Jones, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọ́n lálejò, ó sì ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n kọ́kọ́ dán òfin náà wò. Gbogbo ìnáwó àti ìrìn àjò náà kò mú ju ìdáhùn yìí wá. Ṣùgbọ́n ìyáàfin náà lo àǹfààní Lọ́ńdọ̀nù: ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn <i>Daily Worker</i>, ó sọ níbẹ̀ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba ipò lọ́wọ́ obìnrin ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà bí wọn nínú láàfin Aké, ariwo sì sọ nílé kó tó dé.

Nígbà tí ìwé kò rí ìdáhùn, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìjọba kì í fún wọn láṣẹ láti wọ́de, nítorí náà wọ́n ń pe àpéjọ wọn ní ayẹyẹ jíjẹ-mímu. Wọ́n kọ́ ara wọn bí ènìyàn ṣe ń fi aṣọ bo ojú bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, àti bí wọ́n ṣe máa gbé e sọ padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kó ara wọn jọ síwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń fi orin sọ ohun tí ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀. Kábíyèsí ṣèlérí pé wọn yóò dá owó orí obìnrin dúró ná, wọn yóò sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Inú wọn dùn, wọ́n tú ká. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣì wà látìmọ́lé nítorí owó orí kan náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n padà wá, wọ́n ní àwọn kò ní í kúrò níbẹ̀ bí wọn kò bá tú wọn sílẹ̀. Ọjọ́ 10 ni wọ́n tú wọn sílẹ̀.

Ọdún 1948 ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ògbóni ń wo àwọn obìnrin níran, àwọn kan sì bínú sí wọn. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé wọ́n gbé Orò jáde láti lé àwọn obìnrin wọlé, tí Ìyáàfin Ransome-Kuti sì gba ọ̀pá Orò náà, ó gbé e kọ́ sí ilé ara rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹni tó bá mọ ohun tí Orò jẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ló lè mọ bí èyí ti wúwo tó. Nígbà tó di oṣù Keje, àwọn Ògbóni pàápàá ti kẹ̀yìn sí Kábíyèsí, wọ́n ń ka ẹ̀sùn tiwọn lé e lórí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí àwọn obìnrin ti kọ sínú ìwé láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kábíyèsí fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, wọ́n lọ ń gbé ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, wọ́n kéde pé wọ́n ti fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ ló gba ìṣàkóso ìlú. Obìnrin mẹ́rin ló jókòó nínú rẹ̀, Ìyáàfin Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan. Ipò aláṣẹ kan ṣoṣo parí, wọ́n sì yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó orí padà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ẹgbẹ́ náà sì tún gbé kálámù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, Aláké padà sí ìtẹ́, bí àwọn obìnrin tilẹ̀ ta kò ó. Kábíyèsí bá ìgbìmọ̀ nílẹ̀, àṣẹ àtijọ́ kò sì sí mọ́. Wọ́n jọba bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wàjà ní ọdún 1962.

Òfin Richards pàápàá kò pẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n láti ọdún 1949 ni ìjọba ti ní kí àwọn abúlé, àwọn ìlú àti àwọn ẹkùn sọ èrò wọn, kí wọ́n tó pàdé ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950. Òfin tuntun jáde ní ọdún 1951. Ohun tí àwọn méje náà lọ béèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ni pé kí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ ará ìlú, ni ìjọba wá ń ṣe lẹ́yìn ọdún méjì bí ẹni pé láti inú ara rẹ̀ ló ti ronú kàn án.

Ìbò ló kù. Ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹni tó ń san owó orí ni wọ́n jẹ́ kó dìbò nínú ìdìbò ọdún 1954. Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin tí wọ́n yọ kúrò lórí owó orí ti pàdánù ìbò rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò nígbà tí wọ́n ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ní Ìlà Oòrùn, gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin, ló dìbò lọ́dún yẹn kan náà. Ìyáàfin Ransome-Kuti ti sọ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta di ẹgbẹ́ gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1949, ó sì pe àwọn obìnrin láti ibi púpọ̀ jọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1953 lórí ẹ̀tọ́ ìdìbò. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959 dé, gbogbo obìnrin Gúúsù ti lè dìbò. Ti Àríwá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyáàfin náà kọ̀wé, ó sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1976 ni ìjọba ológun tó fún àwọn obìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì lò ó láti yan ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1979. Fúnmiláyọ̀ kò rí ọjọ́ yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun tó ya wọ ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó jù ú láti ojú fèrèsé òkè, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978.